Ṣé gbogbo abẹ́rẹ́ tí a ń gún fún ẹlẹ́dẹ̀ ni àjẹsára? Ìbéèrè kan láti Ògbómọ̀ṣọ́

Olùbéèrè, ọ̀nà Ìkòyí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún kejì rèé tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lẹ́yìn ìlú, ní ọ̀nà Ìkòyí. Abo mẹ́ta ni mo ní, pẹ̀lú akọ kan àti ọmọ 17 tí mo ti já lẹ́nu ọmú. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí ó máa ń gbé oògùn ẹran kiri lórí alùpùpù yà sí ọ̀dọ̀ mi, ó sì sọ fún mi pé àrùn ń bọ̀, pé òun ní àjẹsára tí kì í jẹ́ kí ikú òjijì wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ fún odidi ọdún kan. Ó gún gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, ó gba owó rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ó lò láti orí akọ dé orí ọmọ tí ó kéré jù, inú àpò aṣọ rẹ̀ ni ó sì ti yọ ìgò oògùn náà nínú oòrùn ọ̀sán. Ẹ jọ̀wọ́, àjẹsára wo gan-an ni ẹlẹ́dẹ̀ nílò ní ìhà tiwa níbí, ìgbà wo ni a ń gún un, ta ni ó sì yẹ kí ó gún un? Ọ̀kan nínú àwọn abo mi yóò bí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, n kò sì fẹ́ ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀, Àjáàwà

Àbúrò mi, o kú àìsùn ọ̀rọ̀ yìí. Kí ẹnikẹ́ni tó dá ọ lóhùn lórí àjẹsára, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọ́: ǹjẹ́ ìgò oògùn náà ṣì wà ní àyíká rẹ? Mo ní ìdí tí mo fi ń béèrè. Nínú èdè wa, abẹ́rẹ́ ni gbogbo ohun tí a bá fi abẹ́rẹ́ gún. Irin tí mo ń gún fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ọjọ́ kẹta tí a bí i, abẹ́rẹ́ ni. Oògùn aràn, abẹ́rẹ́ ni. Penisilíìnì tí a fi ń wo ọgbẹ́, abẹ́rẹ́ ni. Àjẹsára náà, abẹ́rẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni àwọn tí ń tà á kiri ń fi tàn wá jẹ, nítorí pé bí wọ́n bá ti gún nǹkan, a ó gbà pé ẹran wa ti ní ààbò. Ó tó ọdún mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí n tó kọ́ láti máa gba ìgò lọ́wọ́ wọn kí n sì ka ohun tí ó wà lára rẹ̀, àwọn ẹran tí mo pàdánù kí n tó kọ́ ọ kò kéré.

Olùbéèrè, ọ̀nà Ìkòyí

Màmá, ẹ ṣeun. Mo lọ wo ẹ̀yìn ilé ẹlẹ́dẹ̀, mo sì rí ìgò méjì tí ó jù síbẹ̀. Ivermectin 1% ni a kọ sára àwọn méjèèjì.

Dókítà ẹran, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀gbẹ́ni olùbéèrè, ohun tí wọ́n gún fún yín kì í ṣe àjẹsára rárá. Oògùn aràn ni, ó sì tún ń pa iná ara àti kòkòrò kúrúnà tí ń jẹ́ kí ẹlẹ́dẹ̀ máa fara ha ògiri. Oògùn gidi ni, ó sì dára fún ẹlẹ́dẹ̀ bí a bá wọ̀n ọ́n bí ó ti yẹ: mílílítà kan fún kílógíráàmù 33 ìwọ̀n ara, lábẹ́ awọ ọrùn, kí a sì tún un gún lẹ́yìn ọjọ́ 14 bí ó bá jẹ́ kúrúnà ni a ń lé. Ṣùgbọ́n kò lè dènà àrùn kankan tí fáírọ́ọ̀sì tàbí bakitéríà ń fà. Oògùn ń pa ohun tí ó ti wọ inú ara. Àjẹsára kì í pa nǹkan kan. Ńṣe ni ó ń fi àpẹẹrẹ ọ̀tá han ara kí ọ̀tá fúnra rẹ̀ tó dé, kí ara lè ti pèsè ohun ìjà sílẹ̀ dè é. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ tí a gún un. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú àjẹsára ẹlẹ́dẹ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ gún lẹ́ẹ̀mejì ní ìbẹ̀rẹ̀ kí ara tó mú un dáadáa. Ẹni tí àrùn ti wọ ilé rẹ̀ tí ó wá ń sáré wá àjẹsára ti pẹ́ dé.

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù nínú ìtàn yín ni abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo fún ẹlẹ́dẹ̀ 21. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá ní àrùn nínú ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ yẹn ni yóò pín in fún 20 tí ó kù. Ẹ máa ṣọ́ wọn lójú méjèèjì, bí èyíkéyìí bá sì kọ oúnjẹ, ẹ pe dókítà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ti ìbéèrè yín gan-an, àjẹsára tí mo máa ń kọ́kọ́ dá lábàá fún àwọn tí ń tọ́jú abo fún ìbísí ni ti erysipelas. Bakitéríà ni ó ń fa àrùn yìí, ó ń gbé inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ tí ara rẹ̀ le koko pàápàá sì lè gbé e sínú ọ̀fun láìṣàìsàn. Nígbà tí ó bá jà, ara ẹlẹ́dẹ̀ yóò gbóná, kò ní jẹun, yóò máa rìn bí ẹni tí ń tẹ ẹ̀gún, awọ rẹ̀ yóò sì yọ àpá pupa onígun mẹ́rin tí ó wú sókè díẹ̀, bí àmì dáyámọ́ǹdì tí ó wà lára káàdì. Àwọn mìíràn yóò ti kú kí àpá kankan tó yọ. Penisilíìnì ń wò ó bí a bá tètè rí i, ṣùgbọ́n àwọn tí ó yè lè máa wú lórúnkún títí lọ, akọ tí orúnkún ń dùn kò sì ní lè gun abo mọ́. Ó ń ran ènìyàn pẹ̀lú láti ojú ọgbẹ́ ọwọ́, nítorí náà kí àwọn tí ń pa ẹran kíyè sí èyí. Ìgbà méjì ni a ń gún àjẹsára rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin láàárín wọn, lẹ́yìn náà a ó máa tún un gún ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ má ṣe gbàgbé akọ. Mo máa ń bá ọgbà tí gbogbo abo ti gba àjẹsára tí akọ kò sì gba nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó ń lọ láti yàrá kan sí òmíràn.

Èkejì ni parvovirus, èyí sì máa ń rú àwọn ènìyàn lójú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kì í pa àgbà ẹlẹ́dẹ̀, ẹ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe abo náà. Ọmọ inú ni ó ń pa. Abo yóò bí mẹ́rin dípò mẹ́wàá, òkú ọmọ tí ó ti gbẹ tí ó sì dúdú yóò bá wọn jáde, ìtóbi àwọn òkú náà kò sì ní bára mu, nítorí pé ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn ni wọ́n ń kú bí àrùn ṣe ń ràn wọ́n nínú ilé ọmọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé ọwọ́ ayé ni, ẹlòmíràn a sì ta abo dáradára fún alápatà nítorí ó rò pé ó ti yàgàn. Abo tí kò tíì bímọ rí ni ewu yìí wà fún jù. Kí a tó jẹ́ kí akọ gùn ún ni kí a ti gún un parí, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ìgò kan náà ni a sábà máa ń pò ó mọ́ ti erysipelas, nígbà mìíràn pẹ̀lú ti leptospirosis, èyí tí ìtọ̀ eku ń gbé wá, tí ó ń mú kí abo ṣẹ́ oyún, tí ó sì ń ran àwa náà. Ẹni tí èèrí àti èèpo ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà ní gbangba tí eku ń jó lórí rẹ̀, kí ó pa eku kí ó tó ra àjẹsára.

Ẹ̀kẹta ni ti E. coli, èyí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru tí ń gbé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìyá ni a ń gún, a kì í gún ọmọ. Oyún ẹlẹ́dẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 114, ìyẹn oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta, ní gbogbo àkókò yìí, ibi ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kì í jẹ́ kí ààbò tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá kọjá sí ara ọmọ. Òfìfo ni ọmọ ń wá sí ayé. Omi ọmú àkọ́kọ́ ni gbogbo ohun tí ó ní. Nítorí náà ni a fi ń gún ìyá ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà kí ó tó bí, a ó sì tún un gún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ó tó bí, kí ààbò lè kún inú ọmú rẹ̀. Abo yín tí ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti wà ní àkókò yìí gan-an, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí kọjá lásán.

N óò fi kún un pé àwọn àjẹsára wọ̀nyí kì í sábà wà ní gbogbo ilé oògùn ẹran, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń wá. Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti bóyá inú fíríìjì ni ẹni tí ń tà á ti mú un. Bí ó bá ti orí pẹpẹ mú un, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Bàbá Ọlọ́gbà, Òkò

Dókítà, a dúpẹ́. Gbogbo ohun tí ẹ kọ ni mo ṣe. Ìwé àjẹsára mi pé, ọjọ́ kò yẹ̀ lórí rẹ̀, síbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ 34 ni mo gbẹ́ ilẹ̀ sin láàárín ọjọ́ 11. Akọ kan ni mo rà ní ẹ̀dínwó lọ́wọ́ ẹni tí ń kó ẹran káàkiri, mo sì dà á pọ̀ mọ́ àwọn tèmi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà nítorí pé abo kan ń wá akọ. Ní ọjọ́ kẹfà, akọ yẹn kò dìde. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ sí igun kan bí ẹni pé òtútù ń mú wọn, etí wọn àti ìsàlẹ̀ ikùn wọn pọ́n, àwọn kan ń ya ẹ̀jẹ̀. Mo gún wọn ní gbogbo oògùn tí owó mi ká. Èmi àti ìyàwó mi ni a jọ gbẹ́ ilẹ̀ náà, a kò sì lè bá ara wa sọ̀rọ̀ títí a fi parí rẹ̀.

Mo kọ èyí kí olùbéèrè má baà rò pé bí òun bá ti ra àwọn ìgò mẹ́ta tí dókítà dárúkọ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ìbéèrè tèmi ni pé, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti ṣe àjẹsára àrùn tí ó pa ẹran mi yìí ní ilẹ̀ òkèèrè? Ẹnìkan ní òun lè bá mi gbé e wọlé.

Dókítà ẹran, Ògbómọ̀ṣọ́

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú àdánù yìí, Olúwa yóò fi òmíràn rọ́pò. Àpèjúwe yín jọ ti ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní African swine fever, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí àwọn àrùn mìíràn ń pọ́n etí ẹlẹ́dẹ̀ bákan náà. Orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà ni a ti kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ní ọdún 1921. Ní ọdún 1997 ó gba ìhà ààlà Benin wọlé sí ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù wa, ó sì pa ẹlẹ́dẹ̀ lọ súà. Ní ọdún 2020, ẹ óò rántí ohun tí ojú àwọn tí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Àró, ní ààlà Èkó àti Ògùn, rí nígbà tí àrùn yìí jà níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé Vietnam fọwọ́ sí àjẹsára rẹ̀ ní ọdún 2022, tí wọ́n sì gbà kí àwọn àgbẹ̀ wọn lò ó káàkiri orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 2023. Ṣùgbọ́n àjẹsára náà ní fáírọ́ọ̀sì ààyè nínú, èyí tí wọ́n kàn sọ di aláìlágbára, oríṣi fáírọ́ọ̀sì tí ń jà ní Éṣíà ni wọ́n sì ṣe é fún. Oríṣi mìíràn ni ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti rí ti Éṣíà náà ní Nàìjíríà láti ọdún 2020. Kò sí èyí tí a fọwọ́ sí fún lílò níhìn-ín. Ẹni tí ó bá sì sọ pé òun yóò bá yín gbé e wọlé, ó lè jẹ́ omi lásán ni ó gbé wá, ó sì lè jẹ́ fáírọ́ọ̀sì gan-an ni yóò gún sínú ẹran yín. Bàbá, ẹ má gbà á.

Ohun tí a ní gẹ́gẹ́ bí àjẹsára ibà yìí ni ọgbà àti ìlẹ̀kùn wa. Kí ẹran tuntun dá wà fún ọjọ́ 30 ní ibi tí kò sún mọ́ àwọn tó kù, kí ẹni tí ń bọ́ ọ má sì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù láìpààrọ̀ bàtà. Ẹ má yá akọ, ẹ má sì fi tiyín yáni. Àjẹkù oúnjẹ búkà, bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, kí ó hó lórí iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì yìí ń pẹ́ nínú ẹran yíyan àti ẹran dídì. Ọdẹ tí ó pa ìmàdò kò gbọ́dọ̀ kun ún ní ẹ̀gbẹ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ìmàdò lè gbé e láìṣàìsàn. Lẹ́yìn tí a bá ti gbá ìgbẹ́ kúrò pátápátá, kọ́sítíìkì sódà gíráàmù 8 nínú lítà omi kan yóò pa á lórí sìmẹ́ǹtì bí a bá jẹ́ kí ó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà, nítorí ó ń bó awọ. Omi apakòkòrò tí a dà sórí ìgbẹ́ kò ṣiṣẹ́ kankan.

Kì í ran ènìyàn, mo ń tẹnu mọ́ ọn kí ẹ̀rù má baà mú kí ẹnikẹ́ni fi í pamọ́. Bí ẹ bá fura, ẹ sọ fún dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ yín kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí ẹran ọ̀sìn ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe é. Ẹ má sáré tà wọ́n. Ẹran tí a sáré tà ni ó ń gbé àrùn láti Òkò dé Ìrẹsà-Àdù kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí ilé bá sì ti ṣófo, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ 40, kí a wá fi ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta dán an wò kí a tó kó ọ̀pọ̀ wọlé.

Alápatà, Sábó

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tẹnu mi, nítorí pé ọkọ̀ àwa alápatà ni gbogbo yín ń fojú sí, ẹ kò sì jẹ̀bi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo lè dé ọgbà mẹ́rin, bàtà kan náà ni n óò sì wọ̀ dé gbogbo rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n dúró sí ẹnu ọ̀nà, inú kò ní bí mi. Ẹ gbé òṣùwọ̀n sí ìta, kí ẹ sì kó ẹran tí ẹ fẹ́ tà jáde wá bá mi. Mo ti rí ọgbà kan ní ọ̀nà Ìlọrin tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn ju kí n máa rìn nínú ìgbẹ́ lọ.

Ẹ̀bẹ̀ tèmi ni pé kí ẹ dákun, kí ẹ má gún itan mọ́. Itan ni ẹran tí ó níye lórí jù lára ẹlẹ́dẹ̀, bí mo bá sì là á tí mo bá ọyún tí ó tó ẹ̀kúnwọ́ nínú rẹ̀, n óò gé e sọnù, oníbàárà mi yóò sì wò mí bí olè. Mo ti bá orí abẹ́rẹ́ tí ó ṣẹ́ nínú ẹran nígbà méjì. Bákan náà, ẹ máa sọ fún wa ọjọ́ tí ẹ gún wọn kẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni ọ̀nà Ìkòyí, àwọn ọmọ 17 yẹn, ẹ ka ara ìgò náà kí ẹ mọ iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó lè jẹ ẹran wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sìn ẹran, LAUTECH

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Alápatà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi: ẹran ọrùn ni ibi tí a ń gún, lẹ́yìn etí gan-an, níbi tí awọ tí ó rọ̀ ti pàdé èyí tí ó le. Abẹ́rẹ́ gígùn tí ó nípọn ni ti abo àgbà, nítorí ọ̀rá ọrùn rẹ̀ jìn, bí oògùn bá sì dúró sínú ọ̀rá, ara kò ní mú un. Abẹ́rẹ́ kúkúrú tí ó tín-ín-rín ni ti ọmọ. Okùn tí a fi kọ́ àgbọ̀n òkè lẹ́yìn eyín ni a fi ń mú abo dúró. Ẹni tí ó bá ń lé e káàkiri yàrá yóò ṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí i lára.

Ní ti bí a ṣe ń gbé àjẹsára, òtútù díígírì 2 sí 8 ni ó gbọ́dọ̀ wà láti ilé ìtajà títí di ìgbà tí a ó gún un. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ooru ń bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé dídì náà ń ba ọ̀pọ̀ nínú àjẹsára ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́, àti pé èyí tí ó ti dì kí a tó yọ́ ọ kò ní ìwúlò mọ́, bí ó tilẹ̀ dára lójú. Bí a bá ti Ìbàdàn gbé e wá, yìnyín ni kí a kó sí ìsàlẹ̀ kúlà, kí a fi ìwé ìròyìn nípọn bò ó, kí a tó gbé ìgò lé e lórí, kí ìgò má baà fara kan yìnyín. Gbogbo yín ni ẹ mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ kó yìnyín tí ó lè pẹ́ ju wákàtí tí ẹ rò lọ. Ẹni tí kò ní iná tí ó dúró, kí ó ra á ní ọjọ́ tí yóò gún un, kí ó má sì tọ́jú èyí tí ó kù nínú ìgò tí ó ti ṣí di ọjọ́ kejì. Ìgò ńlá fún ẹran díẹ̀ jẹ́ òfò, nítorí náà kí àwọn tí ọgbà wọn sún mọ́ra dá owó jọ, kí wọ́n sì gún ti gbogbo wọn ní òwúrọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù ní abẹ́rẹ́ àti sírínjì tirẹ̀, kí wọ́n má sì jọ wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ ara wọn.

Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ gún un, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn, ara rẹ̀ sì lè gbóná díẹ̀ lẹ́yìn àjẹsára. Èyí tí ń ṣàìsàn, ẹ fi sílẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Ẹ dúró tì wọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ọ̀kan bá ṣubú tí ó ń mí gúlegúle, dókítà tí ó wà níbẹ̀ ní oògùn fún un. Ohun kan kù tí a kì í sábà sọ. Àwọn àjẹsára kan ní epo nínú, bí ẹlẹ́dẹ̀ bá sì já tí abẹ́rẹ́ gún ìka yín, ẹ má dúró wò ó bóyá yóò wú. Ẹ mú ìgò náà dání lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, nítorí epo yẹn lè dí ẹ̀jẹ̀ ìka débi pé wọ́n á gé e.

Olùbéèrè, ọ̀nà Ìkòyí

Ẹ̀yin òbí mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́ gidigidi. Mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọjọ́bọ̀ ni yóò wá gún abo tí ó lóyún ní ti E. coli, yóò sì tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Abo méjì tí kò lóyún àti akọ yóò gba ti erysipelas àti parvovirus pọ̀, n kò sì ní jẹ́ kí akọ gùn wọ́n títí ọ̀sẹ̀ méjì yóò fi pé lẹ́yìn ìgbà kejì. Àwọn ọmọ yóò dúró. N kò ní tà wọ́n títí ọjọ́ ara ìgò yóò fi kọjá. Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo sì ti kọ ivermectin sí ojú ìwé àkọ́kọ́ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gún un. Aládùúgbò mi méjì ní àwọn yóò bá mi dá owó ìgò náà.

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀, Àjáàwà

O ṣeun, àbúrò mi, inú mi dùn sí i. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún ti abo tí ó lóyún yìí. Bí dókítà bá gún un tán, iṣẹ́ kù fún ọ ní alẹ́ tí yóò bí. Inú ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣí sílẹ̀ gba ààbò láti inú ọmú ju ọjọ́ kan lọ, wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ó sì dára jù. Nítorí náà, gbé fìtílà lọ síbẹ̀ kí o jókòó tì í. Nu ẹnu àti imú ọmọ kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń bọ́ sílẹ̀, kí o sì gbé e sí ọmú kí èkejì tó dé. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn, tí àwọn yòókù ń tì sẹ́yìn, gbé e sí ọmú iwájú, kí o fi ọwọ́ rẹ dá àwọn alágbára dúró títí yóò fi mu ún yó.